Bí Ọwọ́ Bá Fara Pa Níbi Àtúnṣe Ilé: Bí A Ṣe Ń Fi Splint Di Ìka àti Ọrùn Ọwọ́

Omi ti fà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó kù nílẹ̀ kò kéré. Ẹ ń kó ẹrẹ̀, ẹ ń gbé àpótí tó ti mu omi, ẹ ń fún aṣọ tó wúwo bí òkúta, ẹ ń fa páànù àti igi jáde. Ọwọ́ ni gbogbo rẹ̀ ń já lé. Alágbàfọ̀, aránṣọ, káfíńtà, onídìrí: bí ọwọ́ bá bàjẹ́, oúnjẹ ilé ló bàjẹ́. Ìdí nìyí tí a fi kọ ìwé yìí.

Ohun tí splint ń ṣe

Splint ni ohun líle tí a fi ń ti ìka tàbí ọrùn ọwọ́ kí ó má baà máa yí. Ó lè jẹ́ irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ oní-fóòmù tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn, ó lè jẹ́ pátákó pẹlẹbẹ tàbí páálí. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó mú oríkèé sinmi títí ara yóò fi wo ara rẹ̀ sàn. Kì í fa eegun, kì í sì í tẹ eegun bọ̀ sípò. Nítorí náà, dídì le kọ́ ni dídì dáadáa. Bí a bá di ọwọ́ le jù, ẹ̀jẹ̀ kò ní ráyè kọjá. Ẹran ara lè kú, wọ́n sì lè gé ọwọ́ tí ì bá san. Èyí ti ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ wa, tó fi mọ́ àwọn ọmọdé, lẹ́yìn tí wọ́n fi ọparun di eegun wọn pinpin.

Kí ẹ tó di ohunkóhun

Ẹ kọ́kọ́ bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà ọwọ́ kí ìka tó wú. Ọṣẹ tàbí òróró yóò jẹ́ kí òrùka yọ̀. Bí ọgbẹ́ bá wà, ẹ fi omi tó mọ́ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, nítorí omi àgbàrá gbé ìdọ̀tí ṣáláńgá àti ti gọ́tà wá. Kí ẹ sì béèrè abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn.

Ẹ má fi splint ilé tọ́jú àwọn wọ̀nyí. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé wọn lọ lọ́jọ́ náà gan-an:
- ìka tó wọ́, tàbí tó yí gun orí ìka kejì nígbà tí ẹ bá ká ọwọ́;
- ọgbẹ́ tó wà lórí ibi tí eegun ti ṣẹ́;
- ìka tí nǹkan mímú gé, tí kò lè ká tàbí nà mọ́;
- ìka tó tutù, tó funfun, tàbí tí kò mọ nǹkan lára;
- ọgbẹ́ tí eyín ènìyàn tàbí ti ẹranko dá sí ọwọ́;
- ìka ọmọdé tó wú, nítorí ibi tí eegun wọn ti ń dàgbà lè fara pa.

Lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn, ẹ má fà á, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òrí àti omi gbígbóná ra á. Ẹ ká aṣọ rírọ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ bí ìgbà tí ènìyàn di ife mú, ẹ wé e wọ́ọ́rọ́wọ́, kí ẹ fi ìborùn gbé ọwọ́ náà kọ́ ọrùn.

Ìka tí orí rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀

Bí nǹkan bá gbá orí ìka, tí oríkèé tó sún mọ́ èékánná tẹ̀ wálẹ̀, tí ẹni náà kò lè fúnra rẹ̀ nà án, iṣan tó ń na orí ìka ló já. Ó lè má fi bẹ́ẹ̀ dunni, nítorí náà àwọn ènìyàn máa ń fojú di í. Kí dókítà kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí ó lè jẹ́ pé eegun kékeré kan já pẹ̀lú iṣan náà.

Splint ni ìtọ́jú rẹ̀ pàtàkì. Kí orí ìka wà ní nínà gbọọrọ, tọ̀sán tòru, fún ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Oríkèé ìkẹyìn yẹn nìkan ni kí ẹ dè. Kí oríkèé àárín máa ká bó ṣe fẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ fọ ìka náà, ẹ tẹ́ ọwọ́ pẹlẹbẹ sórí tábìlì, kí ẹlòmíràn bá yín tú splint, kí ó sì dá a padà láìgbé ìka kúrò nílẹ̀. Bí orí ìka bá tẹ̀ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ibi tó ti ń so pọ̀ lè tún já, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀sẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. A mọ̀ pé èyí kò rọrùn fún ẹni tó ń fọ ilé. Kí ará ilé gba iṣẹ́ omi lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ óò máa lò ó lálẹ́ nìkan fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí i.

Ìka tó rọ́

Bí ìka bá rọ́, tó wú díẹ̀, ṣùgbọ́n tó ṣì tọ́, tó sì ń ká, ìka tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti tó ní splint. Ẹ fi òwú tàbí aṣọ fẹ́lẹ́ sáàárín àwọn méjèèjì kí ara má baà bó. Ẹ fi pílásítà dè wọ́n pọ̀ lójú méjì: ọ̀kan lókè oríkèé àárín, ọ̀kan nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí oríkèé fúnra rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 sábà máa ń tó. Ẹ má jẹ́ kí ó pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ìka tí kò yí máa ń gan, gígan náà sì lè le ju rírọ́ lọ.

Ọrùn ọwọ́ tó ń ro, ọwọ́ tó ń kú lóru

Fífún aṣọ àti gbígbá ẹrẹ̀ lójoojúmọ́ lè mú kí àtàńpàkò, ìka ìfábẹ̀là àti ìka àárín máa kú lóru, bí ẹni tí abẹ́rẹ́ ń gún. Ẹni náà yóò jí, yóò máa gbọn ọwọ́. Ó wọ́pọ̀ lára aboyún. Splint tó yẹ ni èyí tó mú ọrùn ọwọ́ tọ́, tí kò jẹ́ kó tẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn. Ẹ máa wọ̀ ọ́ sùn fún bí ọ̀sẹ̀ 6. Kí ó mọ sí àtẹ́lẹwọ́, kí gbogbo ìka lè ká. Bí ẹran ìdí àtàńpàkò bá ń rù, tàbí bí nǹkan bá ń já bọ́ lọ́wọ́ yín, ẹ lọ rí dókítà.

Bí ó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ àtàńpàkò ni ọrùn ọwọ́ ti ń ro yín, pàápàá nígbà tí ẹ bá ń fún aṣọ tàbí tí ẹ bá ń gbé ọmọ, splint ọrùn ọwọ́ nìkan kò tó. Ẹ béèrè èyí tó mú àtàńpàkò pẹ̀lú.

Bí ẹ ṣe máa dì í

Igi áísìkírìmù tàbí ìdí ṣíbí oníke tó mọ́ lè ti ìka. Páálí líle lè ti ọrùn ọwọ́ títí ẹ óò fi rí èyí tó péye. Ẹ má lo igi tí omi gbé wá. Ẹ fi òwú tàbí aṣọ gbígbẹ wé e kí etí rẹ̀ má gún yín, kí ẹ fi báńdéèjì dè é. Ẹ pààrọ̀ aṣọ náà bó bá ti tutù, nítorí ara tó wà nínú omi máa ń rà. Ẹ gbé ọwọ́ sókè ju àyà lọ ní ọjọ́ 2 tàbí 3 àkọ́kọ́. Kí ẹ máa ká àwọn ìka tí ẹ kò dì, ìgúnpá àti èjìká, lójoojúmọ́.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀, lọ́sàn-án àti kí ẹ tó sùn. Ẹ tẹ èékánná títí yóò fi funfun, kí ẹ sì jù ú sílẹ̀: àwọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ padà kí ẹ tó ka ení, èjì tán. Bí kò bá padà, bí ìka bá tutù, bó bá kú, tàbí bí ìrora bá ń pọ̀ sí i lẹ́yìn tí ẹ dì í, ẹ tú u lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru. Bí kò bá wálẹ̀ láìpẹ́, ilé ìwòsàn ni. Bí ó bá jẹ́ pé P.O.P. ilé ìwòsàn ló fún yín, ẹ má dúró dọjọ́ tí wọ́n dá fún yín. Ẹ padà lọ síbẹ̀ kíákíá. Kí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, tí ọwọ́ rẹ̀ kì í tètè mọ ìrora, jẹ́ kí ará ilé máa bá a yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ má tijú láti wá bi wá léèrè ní tábìlì ìtọ́jú tó wà ní ibùdó yín, kódà bó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ti bá yín dì í. A kò ní bá ẹnikẹ́ni wí. Ìka tí a tú lásìkò sàn ju ọwọ́ tí a gé lọ. Olúwa yóò fún ọwọ́ yín lágbára láti tún ilé yín kọ́.