Ilé Amọ̀ Tí Mò Ń Gbé, Àti Owó Tó Wà Nínú Ògiri

Èmi akọ̀wé yín ni.

Lóṣù tó kọjá, oníbàárà mi kan tó ti ń ra èlùbọ́ lọ́wọ́ mi láti bí ọdún mẹ́wàá tẹ̀lé mi délé, kí n lè wọn àpò méjì fún un. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. Ó wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀, ó ní, "Ìyá, ibi tí ẹ ń gbé rèé? Ilé alámọ̀?" Mo ní kó wọlé. Oòrùn ọ̀sán ń ta bí iná lóde. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò pẹ́ rárá tó fi ń tòògbé. Nígbà tó jí, ó bi mí pé níbo ni mo gbé ẹ̀rọ amúlétutù sí.

Mo rẹ́rìn-ín títí. Ẹ̀rọ wo? Ògiri ló ń ṣe é. Ògiri ilé wa nípọn tó ìgbọ̀nwọ́ kan. Oòrùn á máa pa á láti àárọ̀, ooru náà kò ní tíì wọ inú ilé tán tí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ̀yin tí ẹ ń sùn nínú ilé búlọ́ọ̀kù, tí ẹ ń tẹ́ ẹní sí ìta lóṣù kẹta, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

Bí wọ́n ṣe ń mọ irú ilé yìí ní Ìbàdàn láyé àtijọ́ rèé. Ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n á gbẹ́ amọ̀ nítòsí, wọ́n á bu omi sí i, wọ́n á fi ẹsẹ̀ gún un títí á fi rọ̀. Wọ́n á mọ ìpele kan yí ilé ká, wọ́n á fi sílẹ̀ kó gbẹ fún ọjọ́ mélòó kan, kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Ẹni tó bá kánjú, ilé rẹ̀ á tẹ̀. Ibi tí wọ́n ti gbẹ́ amọ̀ ilé tiwa di kòtò, kòtò di àkìtàn, wọ́n dí i. Lónìí ọmọdébìnrin oní-POS kan ló jókòó síbẹ̀.

Ohun tó wù mí jù nínú ilé náà ni àjà. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń pe síílìn ní àjà, tiwa yàtọ̀ o. Wọ́n to igi líle sórí ògiri yàrá, wọ́n tẹ́ igi wẹ́wẹ́ lé e, wọ́n wá fi amọ̀ rẹ́ ẹ lókè. Nígbà tí ilé ṣì jẹ́ ilé koríko àti ilé ewé, iná ìdáná ẹnìkan lè jó agboolé mélòó kan lójú kan náà. Bí òrùlé bá jó, amọ̀ àjà yìí ló ń dá iná dúró kó má bọ́ sínú yàrá. Ẹrù àwọn ìyá wa tó ń tajà nígbà náà á sì yọ. Ìyá ọkọ mi sọ fún mi pé ilé wa ti kan páànù kí wọ́n tó ṣí Gbọ̀ngàn Màpó ní 1929, àmọ́ wọn ò tú àjà. Orí rẹ̀ ni mò ń kó èlùbọ́ sí. Kì í rin, kì í bu. Eku nìkan ni wàhálà ibẹ̀, mo sì ti sin ológbò méjì nítorí tirẹ̀.

Mi ò ní pọ́n ilé náà ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ṣókùnkùn. Àdán ń gbé lábẹ́ páànù, bó bá di àṣálẹ́ wọ́n á máa han. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìnkùlé fún gbogbo wa. Ìṣó kì í dúró lára ògiri: kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ wa tí mo kọ́ sí yàrá, ẹ̀ẹ̀mẹta ló já lulẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Àwọn òkú ńkọ́? Bàbá bàbá ọkọ mi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyá ọkọ mi sì wà ní yàrá kejì sí tèmi. Nígbà tí wọ́n gbé mi wọlé ní 1993, mi ò lè dá kọjá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lálẹ́. Ní báyìí, bí mo bá ń wọn èlùbọ́, mo máa ń kí wọn.

Omi Ògùnpa ti 31 oṣù kẹjọ 1980 pa ju ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ ní ìlú yìí; ilé wa wà, torí òkè la wà. Ti 26 oṣù kẹjọ 2011 dé, ilé wa tún wà. Kì í ṣe omíyalé ló wó ẹ̀yìn ilé wa. Àtúnṣe ló wó o.

Ní 2012, àbúrò ọkọ mi kan, tí èmi náà ń pè ní ọkọ mi, kówó wálé láti fi tún ilé bàbá rẹ̀ ṣe. Inúure ló fi ṣe é. Wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri ẹ̀yìn, wọ́n fi kọnkéré bo ilẹ̀ títí kan ẹsẹ̀ ògiri, wọ́n kùn ún ní ọ̀dà funfun. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Mo wà lára àwọn tó pàtẹ́wọ́. Lóru ọjọ́ kan ní oṣù kẹsàn-án 2019, òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, a gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí ọkọ̀ dáńfó bá subú. Yàrá méjì ti lọ. Àwọn ọmọ méjì tó ń sùn níbẹ̀ ti wá sùn lẹ́sẹ̀ mi lálẹ́ ọjọ́ náà, torí pé ilé ń jò sí wọn lára. Títí di òní, bí mo bá rántí, ara mi á máa gbọ̀n.

Bàbá arúgbó kan tó ti mọ ilé amọ̀ nígbà èwe rẹ̀ ló wá là á yé wa. Ó bu amọ̀ inú ògiri tó wó, ó fún un lọ́wọ́, omi jáde. Ó ní amọ̀ ń mí, sìmẹ́ńtì kì í mí. Omi tó ń gòkè láti inú ilẹ̀, àti èyí tó ń gba ojú sísán wọlé, kò rí ọ̀nà jáde mọ́. Lóde ó dán, nínú ó ti di ẹ̀kọ.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú irú ilé yìí, ẹ dìde lálẹ́ òní kí ẹ fi ìka kan ògiri yín. Bó bá dún bí igbá òfìfo, sìmẹ́ńtì ti kúrò lára amọ̀. Ẹ wo ẹsẹ̀ ògiri, bóyá ó ti jẹ wọnú. Ẹ wo ojú sísán: bí ó bá ń fẹ̀ sí i láàárín oṣù méjì, tàbí ilẹ̀kùn tó ń tì dáadáa tẹ́lẹ̀ bá ṣàdédé ń há, tàbí ògiri bá yọkùn, ẹ kó àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀ kí ẹ tó kó ẹrù. Ẹ má sọ pé ẹ̀ẹ̀rùn lẹ ó ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti owó. Nígbà tí a ń kó amọ̀ tó wó, ọkọ́ kan nǹkan: kóló alámọ̀ kan, wọ́n rẹ́ ẹ mọ́ inú ògiri. Ọwọ́ ta ni? Kò sẹ́ni tó mọ̀, ṣùgbọ́n yàrá àwọn ìyàwó ni ibẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀níní oníhò ló kún inú rẹ̀, pẹ̀lú kọ́bọ̀ oníhò, toró mélòó kan àti sísì méjì. Láti 1973 tí náírà ti gba ipò pọ́ùn àti ṣílè, owó wọ̀nyí kò ra ata mọ́. Ẹ gbà mí, ìjà bẹ́ sílẹ̀ lórí rẹ̀! Wọ́n pín in sí mẹ́rin lórí ẹní, wọ́n ń ka ọ̀níní bí ẹni ń ka wúrà. Ìyá yẹn fi í pamọ́ fún ọkọ, fún orogún, fún olè. Ó kú láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi owó pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mi ò pe orúkọ yín.

Kòlòbó kóló náà ni wọ́n fi sílẹ̀ fún mi.

Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ títa ti wọ ilé. Ẹnìkan fẹ́ ra ilẹ̀ náà láti fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ilé ẹbí ni. Olórí ẹbí ò lè dá a tà láìjẹ́ pé àwọn ìdí-igi fọwọ́ sí i, àwọn náà ò sì lè tà á lẹ́yìn rẹ̀. Ìdí-igi méjì ti gbà, méjì kò tíì gbà. Èmi ìyàwó ilé ò lóhùn níbẹ̀. Àṣà wa ni pé àwọn ọmọ mi ló ń jogún, kì í ṣe èmi. Mo ti ń gbá ilé náà fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Nínú gbogbo àwọn tó ń jókòó ṣèpàdé, ta ló mọ ibi tó ń jò?

Àwọn kan ní ìjọba ló yẹ kó máa tọ́jú irú ilé bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí ilé Ilojo ní Tinubu Square l'Ékòó, ilé Àgùdà tí wọ́n kọ́ ní 1855. Ìjọba kọ ọ́ sínú ìwé ní 1956 pé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ni. Ní oṣù kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Ilé tó níwèé nìyẹn. Tiwa ò níwèé kankan.

Mi ò dúró de ìpàdé. Mo fi èrè èlùbọ́ pe bàbá arúgbó yẹn padà. Ó ha sìmẹ́ńtì kúrò lẹ́sẹ̀ ògiri tó kù, ó fi amọ̀ rẹ́ ẹ, ó fọ́ kọnkéré kúrò, ó gbẹ́ ojú àgbàrá tí omi á máa gbà lọ. Páànù mẹ́fà wà lórí àjà tí a ó fi fa etí òrùlé síwájú. Àwọn ọmọ mi ní mò ń náwó sí ilé onílé. Òótọ́ ni wọ́n sọ.

Ìpàdé ẹbí di Sátidé tó ń bọ̀. Wọ́n ní kí n wá gbé oúnjẹ kalẹ̀. N ó gbé e kalẹ̀, n ó sì jókòó.