Ẹ Gbọ́ Hausa Díẹ̀ Kẹ́ Ẹ Tó Ra Àgbò Iléyá

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń pe Alaba Rago, lọ́nà Àgbádárìgì l'Ékòó, láì mọ̀ pé àgbò ni ‘rago’ lédè Hausa. Àìgbédè ń náni lówó o! Lásìkò Iléyá, tí wọ́n ń pè ní ‘Babbar Sallah’, ìyẹn ọdún ńlá, alágbàtà ní í báni ná ẹran, a sì gba tiẹ̀ lórí ẹ̀. Ẹ fi ‘Sannu da aiki’ kí ọlọ́jà, ẹ kú iṣẹ́ nìyẹn. ‘Nawa ne?’ Èló ni? Bó bá wọ́n, ‘A yi ragi’, ẹ dín in kù. ‘Barka da Sallah’ dọjọ́ ọdún gan-an. ‘Barka kadai’ lèsì. Báwọn ọmọ wọn bá wá ní ‘goron Sallah’, ẹ má wá obì kiri, bó tiẹ̀ jẹ́ pé obì ni ‘goro’. Owó ọdún ni wọ́n ń béèrè.