Irú Àgbàdo Wo Ni Ó Lè Gba Oògùn Apa-Èpò?

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, bí ẹ bá lọ sí ọjà láti ra oògùn apa-èpò, ohun tí ẹ sábà máa ń béèrè ni pé, “Ǹjẹ́ ó ń pa èpò dáadáa?” Ìbéèrè tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n òmíràn wà tí ó yẹ kí ó ṣáájú rẹ̀: “Ǹjẹ́ irú àgbàdo tí mo gbìn lè gba oògùn náà láìkú?” Ẹni tí kò bá béèrè èyí lè fín oko rẹ̀ tán, kí ó sì rí i ní ọ̀sẹ̀ kejì pé èpò àti àgbàdo jọ ń pọ́n, wọ́n jọ ń rọ. Owó irúgbìn, owó ajílẹ̀ àti owó alágbàṣe ti wọlẹ̀ nìyẹn.

ÌDÍ TÍ ÀGBÀDO FI YÀTỌ̀ SÍRA

Ẹ jẹ́ kí a mú oògùn tí ń jẹ́ nicosulfuron ṣe àpẹẹrẹ. Bí a bá fín in sí àgbàdo, oògùn náà a wọ inú ewé. Àgbàdo tí ó lágbára a tú u palẹ̀ nínú ara rẹ̀ kíákíá, kí ó tó ṣe é ní ibi. Àgbàdo tí kò ní agbára yìí kò rí nǹkan ṣe sí i. Ewé àárín rẹ̀ a pọ́n, a lọ́ mọ́ra, ìdàgbàsókè rẹ̀ a sì dúró.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Jerald Pataky, Martin Williams àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Illinois dán ọ̀pọ̀ irú àgbàdo dídùn wò, èyí tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní suwíìtì kọ́ọ̀nù. Wọ́n rí i pé púpọ̀ nínú wọn gba oògùn láìsí ìpalára, ṣùgbọ́n àwọn kan, bí irú tí à ń pè ní Merit, ń kú tàbí kí wọ́n ràn. Àjogúnbá kan ṣoṣo ni ó fa ìyàtọ̀ ńlá yìí. Bí ọmọ kò bá jọ ṣòkòtò, yóò jọ kíjìpá: irúgbìn tí ó gba àìlera lọ́dọ̀ ìyá àti bàbá ni ó ń kú, èyí tí ó gbà á lọ́dọ̀ ẹnì kan péré lè fara pa díẹ̀. Nítorí náà, pé oògùn kò pa àgbàdo aládùúgbò yín kò fi hàn pé kò ní pa tiyín.

ÌDÁNWÒ NÍ ÀBÚJÁ ÀTI MOKWA

Ní ilẹ̀ wa, ìdánwò tí ó kan agbára àgbàdo láti gba oògùn jẹ mọ́ ọ̀tá kan tí àwọn àgbẹ̀ àgbègbè Àbújá mọ̀ dunjú. Èpò olódòdó àlùkò ni, tí àwọn Haúsá ń pè ní wuta-wuta. Gẹ́gẹ́ bí àfòmọ́ ti ń ṣe lórí igi ni òun náà ń ṣe ní gbòǹgbò àgbàdo. Èso rẹ̀ kéré bí lẹ́búlẹ́bú. Igi kan ṣoṣo lè so ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀pọ̀, wọ́n sì lè wà nínú ilẹ̀ ju ọdún 10 lọ láìkú. Kí ẹ tó rí i lókè ilẹ̀, ó ti ba àgbàdo jẹ́ ná. Ìdí nìyí tí ọkọ́ nìkan kò fi lè ṣẹ́gun rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ IITA, tí olú ilé-iṣẹ́ wọn wà ní Ìbàdàn, mú àgbàdo tí oògùn imazapyr kò lè pa wá sí oko ìdánwò ní Àbújá àti ní Mokwa ní Ìpínlẹ̀ Niger. Láàárín àgbàdo fúnra rẹ̀ ni a ti ṣa agbára yìí jáde. A kò gbà á lọ́dọ̀ ohun ẹlẹ́mìí mìíràn. A ń fi oògùn bo irúgbìn kí a tó gbìn ín, ní ìwọ̀n bíi gíráàmù 30 péré fún hẹ́kítà kan. Bí wuta-wuta bá ti fẹ́ so mọ́ gbòǹgbò, oògùn a pa á níbẹ̀.

Kí ìdánwò má bàa jẹ́ ọ̀rọ̀ oríire, a ń po èso wuta-wuta mọ́ yanrìn, a sì ń dà á sí ihò tí a ó gbin àgbàdo sí. A ń gbin irúgbìn tí a fi oògùn bò àti èyí tí a kò fi bò. Ní ọ̀sẹ̀ 8 àti 10, a ń ka iye wuta-wuta tí ó hù, a sì ń fún ìpalára àgbàdo ní máàkì láti 1 dé 9. Níbi tí a ti fi oògùn bo irúgbìn, wuta-wuta tí ó hù kéré, ìkórè sì sàn jù. Ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà, irú àgbàdo bẹ́ẹ̀ dé ọwọ́ àgbẹ̀ ní ọdún 2005 pẹ̀lú orúkọ Ua Kayongo.

Ẹ kíyè sí i: ẹ má ṣe fi oògùn yìí bo àgbàdo lásán, yóò pa á. Bí ẹ bá gbin irúgbìn tí a ti bò, ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó kan irúgbìn mìíràn. Ẹ sì jẹ́ kí ẹ̀wà jìnnà sí ihò àgbàdo náà tó sẹ̀ǹtímítà 15.

BÍ Ẹ ṢE LÈ DÁN TIYÍN WÒ

1. Ẹ yan ilẹ̀ tí ọ̀rá rẹ̀ dọ́gba. Ẹ gbin irú àgbàdo kọ̀ọ̀kan sí ebè mẹ́ta.

2. Ẹ má ṣe fín ebè kìíní rárá, ṣùgbọ́n ẹ máa ro ó, kí ìyà èpò má bàa dà pọ̀ mọ́ ìyà oògùn. Ẹ fín ebè kejì ní ìwọ̀n tí a kọ sára agolo. Ẹ fín ẹ̀kẹta ní ìlọ́po méjì ìwọ̀n náà, nítorí pé nínú oko, ẹni tí ń fín oògùn sábà máa ń gba ibi kan kọjá lẹ́ẹ̀mejì.

3. Ẹ tún un ṣe ní ibi mẹ́ta nínú oko, kí ibi tí ilẹ̀ ti ṣá má bàa tàn yín jẹ.

4. Ní ọjọ́ 7 àti 14, ẹ wo ewé tí ó pọ́n, èyí tí ó lọ́ àti igi tí ó ràn. Nígbà ìkórè, ẹ ka ṣírí tí ó tó tà. Ewé lè pọ́n kí ó sì padà tutù. Iye ṣírí ni yóò dá ẹjọ́.

Ẹ wọ aṣọ tí ó bo ara, ẹ má ṣe fín oògùn nínú afẹ́fẹ́ líle, ẹ má sì ṣe fọ ẹ̀rọ ìfínko sínú odò. Àjọ NAFDAC ti kéde òpin paraquat láti ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 2024, àti ti atrazine láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025; ẹ má ṣe jẹ́ kí ọlọ́jà kankan fi wọ́n tàn yín.

Lékè gbogbo rẹ̀, oògùn kò lè dá iṣẹ́ náà ṣe. Ẹ máa fi sóyà tàbí ẹ̀wà pààrọ̀ àgbàdo, nítorí pé wọ́n lè mú kí èso wuta-wuta hù láìrí gbòǹgbò tí yóò so mọ́, kí ó sì kú. Ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí nínú ìdánwò yín sílẹ̀, kí ẹ mú un tọ òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ tí ó wà ní agbègbè yín lọ. Ebè mẹ́ta tí ẹ fi dánwò lónìí lè gba odindi oko yín là lọ́dún tí ń bọ̀.