Ẹran Líle Kì í Ṣe Ẹran Burúkú: Bí A Ti Lè Sun Ẹran Màlúù Olówó Pọ́ọ́kú Nínú Ààrò

Ìrẹsì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń dá Ìgbẹmọ-Èkìtì mọ̀, iyán sì ni oúnjẹ tí gbogbo Èkìtì fi ń yangàn. Ṣùgbọ́n bí ìrẹsì ti wù kí ó dára tó, tí iyán sì funfun bí òwú, ojú gbogbo ará ilé a máa wà lára àwo ọbẹ̀: ẹran mélòó ni ó wà níbẹ̀, ta ni yóò sì kàn? Ní àkókò yìí tí owó ẹran kò rọrùn, ìbéèrè yìí kì í ṣe ohun kékeré nínú ilé. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá jù lọ ẹ̀yin ìyá ilé, bí a ti lè ra irú ẹran màlúù tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, kí a sun ún nínú ààrò, kí ó sì rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí arúgbó tí eyín rẹ̀ ti ká yóò fi lè jẹ ẹ́.

ÌDÍ TÍ ẸRAN FI Ń LE

Òkè Ọya ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn màlúù tí a ń pa ní Èkìtì ti ń wá. Màlúù oníké funfun ti àwọn Fúlàní ni ó wọ́pọ̀ nínú wọn, wọ́n sì ti rin ìrìn púpọ̀ láti wá koríko àti omi kí wọ́n tó dé ọwọ́ alápatà. Ibi tí ó bá ń ṣiṣẹ́ jù lára ẹran ni ó ń le jù: èjìká, ọrùn, àyà àti ẹsẹ̀. Àwọn okùn funfun tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ wà nínú wọn tí ó so ẹran pọ̀, bí màlúù bá sì ti ń dàgbà ni àwọn okùn náà ń yi sí i. Ẹ̀yìn tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn kì í ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ni ó ṣe máa ń rọ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹran tí ó le ti burú nìyẹn, tàbí pé iná ńlá ni a fi í ṣẹ́gun rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ẹni tí ó bá ti se ẹsẹ̀ màlúù rí mọ̀ pé bí omi rẹ̀ bá tutù, a máa dì bí ẹ̀kọ. Àwọn okùn funfun wọ̀nyí ni ó yọ́ sínú omi náà. Bákan náà ni yóò rí fún èjìká àti àyà, bí ooru bá wà lára wọn pẹ́, tí omi kò sì gbẹ lábẹ́ wọn. Bí ooru inú ẹran bá ti kọjá 70 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ̀sì ni àwọn okùn náà ń yọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n wákàtí púpọ̀ ni ó ń gbà. Iná tí ó le jù a máa fún omi ara ẹran dànù bí ìgbà tí a bá ń fún aṣọ, nígbà tí àwọn okùn kò tíì yọ́ rárá. Ìdí nìyí tí ẹran tí a fi ìkánjú sè fi ń dà bí awọ bàtà. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

OHUN TÍ KÒ YẸ KÍ A FI SÍ ẸRAN

Àìní sùúrù yìí ti mú kí àwọn kan máa da oògùn ẹ̀fọ́rí, èyí tí à ń pè ní parasítámọ́ọ̀lù, sínú ìkòkò ẹran kí ó lè tètè rọ̀. Ìwà tí ó léwu gidigidi ni. NAFDAC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, kìlọ̀ fún gbogbo ará ìlú ní ọdún 2022 pé kí wọ́n jáwọ́ nínú àṣà yìí, nítorí pé ó lè ba ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín jẹ́. Oògùn ni oògùn í jẹ́. Ẹni tí ó bá jẹ irú ẹran bẹ́ẹ̀ kò mọ iye tí ó gbé mì.

Kánún pẹ̀lú a máa mú ẹran rọ̀, ṣùgbọ́n a máa ba díẹ̀ jẹ́ nínú èròjà tí ń ṣe ara lóore. Ẹni tí ó bá fẹ́ ìrànlọ́wọ́ lè fi ewé ìbẹ́pẹ tútù di ẹran náà fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ó tó gbé e kaná. Àwọn ìyá wa mọ èyí tipẹ́, kò sì ní ewu nínú.

BÍ A TI Ń RA Á

Ẹ lọ sí ọjà ní kùtùkùtù, ìbáà ṣe ọjà ìlú yín tàbí Ọjà Ọba ní Adó-Èkìtì, nítorí pé ẹran tí ó ti wà nínú oòrùn láti àárọ̀ kò dára mọ́ ní ọ̀sán. Ẹ bá alápatà tí ó ń mú ẹran rẹ̀ wá láti ilé ìpẹran tí àwọn dókítà ẹranko ti ń yẹ ẹran wò. Ìyẹ̀wò yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé màlúù lè ní ikọ́ ẹ̀gbẹ kí ó sì kó o ran ènìyàn.

Ẹ bèèrè fún èjìká tàbí àyà pẹ̀lú egungun, ní ẹyọ kan gbọrọgidi. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n gé e wẹ́wẹ́. Ẹran tí kò ní egungun máa ń wọ́n jù ú lọ. Kí ó pọ́n, kí ó má ní òórùn burúkú, bí ẹ bá sì fi ìka tẹ̀ ẹ́, kí ojú ibẹ̀ padà sí ipò rẹ̀. Kílò 2 yóò kárí ènìyàn 8, nítorí pé lẹ́yìn tí egungun bá ti kúrò tí ẹran sì ti sún kì, ohun tí yóò kù yóò tó nǹkan bí kílò 1.

BÍ A TI Ń SUN ÚN

1. Ẹ nu ẹran náà gbẹ. Ẹ fi iyọ̀ ṣíbí kékeré 3 pa á lára pẹ̀lú ata gígún, ata ilẹ̀ àti áyù tí a lọ̀. Ẹ jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

2. Ẹ da òróró díẹ̀ sínú ìkòkò irin tí ó nípọn. Bí ó bá gbóná, ẹ yí ẹran náà síhìn-ín sọ́hùn-ún nínú rẹ̀ títí gbogbo ara rẹ̀ yóò fi pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ibí ni adùn rẹ̀ ti ń wá.

3. Ẹ gbé e kúrò, ẹ tẹ́ àlùbọ́sà ńlá 3 tí a gé sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, ẹ gbé ẹran lé e, kí ẹ sì bu omi ife kan àti ààbọ̀ sí i. Ẹ dé e pinpin.

4. Ẹ gbé e sínú ààrò tí ooru rẹ̀ jẹ́ 150. Yóò lo wákàtí 3 sí 3 àti ààbọ̀. Ẹ yí i padà ní ìdajì àkókò, ẹ sì rí i pé omi kò tán nísàlẹ̀.

5. Ẹ fi ọ̀bẹ ṣóńṣó gún un. Bí ó bá wọlé láìfi agbára tì í, ó ti tó. Bí kò bá wọlé, ẹ dá a padà. Ẹ má ṣe fi kún iná.

6. Ẹ jẹ́ kí ó sinmi fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tó gé e ní ìbú, kí ọ̀bẹ lè dá àwọn fọ́nrán ẹran sí kékeré. Ẹ ré ọ̀rá kúrò lójú omi ìkòkò, kí ẹ se é títí yóò fi ki. Ọbẹ̀ nìyẹn fún ìrẹsì, ó sì bá iyán àti ẹ̀fọ́ mu pẹ̀lú.

BÍ KÒ BÁ SÍ ÀÀRÒ NÍLÉ

Kì í ṣe gbogbo ilé ni ó ní ààrò onígáàsì. Ẹ wá ìkòkò irin ńlá kan, ẹ da yanrìn gbígbẹ tí ó jìn tó ìka 3 sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ gbé e ka ẹyin iná. Ẹ gbé ìkòkò ẹran lórí yanrìn náà, ẹ fi páànù bo ẹnu ìkòkò ńlá, kí ẹ sì da ẹyin iná díẹ̀ sórí páànù. Ooru yóò máa ti òkè àti ìsàlẹ̀ wá, gẹ́gẹ́ bí ti ààrò. Ẹ fún un ní nǹkan bí wákàtí 4. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, nítorí pé èéfín èédú nínú yàrá tí a tì lè pa ènìyàn.

Ẹ tún lè bá abúrẹ́dì àdúgbò sọ̀rọ̀. Ààrò rẹ̀ kì í tètè tutù lẹ́yìn tí búrẹ́dì bá ti jáde. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ilé abúrẹ́dì ni ọ̀pọ̀ tálákà tí kò ní ààrò ti ń sun ẹran ọjọ́ Àìkú wọn. Bí ilé 3 tàbí 4 bá parapọ̀ ṣe é, owó iná yóò fúyẹ́ fún gbogbo wọn.

PÍPÍN ÀTI ÌTỌ́JÚ

Àwọn àgbà kan máa ń sọ pé ọmọ tí a bá fún ní ẹran yóò di olè. Ọ̀rọ̀ yìí ti ṣe àwọn ọmọ wa ní ibi púpọ̀. Ọmọ tí ó ń dàgbà nílò ẹran fún ẹ̀jẹ̀ àti ìṣùpọ̀ ara ju àgbàlagbà tí ó ti dàgbà tán lọ. Láti bí oṣù 6 ni a ti lè gún ẹran tí ó rọ̀ báyìí kúnná, kí a pò ó mọ́ ẹ̀kọ tàbí iṣu fún ọmọ ọwọ́. Kí bàbá ilé mú tirẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó rí i pé ti ọmọ àti ti aboyún wà nínú àwo.

Bí ó bá ṣẹ́kù, kí ó má ṣe wà nílẹ̀ ju wákàtí 2 lọ kí a tó gbé e sínú fíríìjì. Níbi tí kò bá sí fíríìjì, kí a jẹ ẹ́ tán lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí a bá sì fẹ́ jẹ èyí tí ó wà nínú fíríìjì, kí a gbé e kaná títí yóò fi hó.

A rọ ẹ̀yin ìyá ilé pé kí ẹ dán an wò ní ọjọ́ tí àyè bá wà. Kí ẹni tí ó lè kà á sì kà á sókè fún ẹni tí kò lè kà á.