Oúnjẹ Àárọ̀ àti Ìkájú-iṣẹ́ Ara Láàrin Àwọn Ọ̀dọ́langba: Àyẹ̀wò Èdè-Ìperí

1. Ìfáàrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Kò sí olùkọ́ ìmọ̀ ìlera tàbí ti eré ìdárayá tí yóò jiyàn òwe yìí. Ṣùgbọ́n ohun tí òwe fi gbólóhùn kan parí, òṣùwọ̀n ni ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ fi ń wá ìdí rẹ̀, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ àwa tí à ń túmọ̀ èdè ti bẹ̀rẹ̀. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó yẹ orúkọ nǹkan mẹ́ta wò: oúnjẹ tí a kọ́kọ́ ń jẹ lóòjọ́, ipò ara tí ó lè ṣiṣẹ́ tí kò sì tètè rẹ̀, àti ìbátan tí ó wà láàrin méjèèjì. Èrò wa ni pé bí a bá ṣi ọ̀kan túmọ̀ nínú wọn, ìwádìí tí a fi èdè Yorùbá ṣe yóò sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀, ìmọ̀ràn tí a ó fún òbí yóò sì wọ́.

2. Oúnjẹ Àárọ̀

Ẹni tí ó bá fẹ́ tẹ̀ lé ẹ̀hun ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè pe oúnjẹ yìí ní ìṣínu, nítorí pé ó ń fòpin sí àìjẹun òru. Èyí kò lè ṣiṣẹ́. Ní ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí wa, ohun tí a ń jẹ nígbà tí oòrùn bá wọ̀ nínú oṣù Ràmàdáánì ni ìṣínu. Èyí tí a ń jẹ kí ilẹ̀ tó mọ́ ni sààrì. Kò yẹ kí a tún gbé iṣẹ́ mìíràn tí ó tako ti àtẹ̀yìnwá lé ọ̀rọ̀ tí ó ti níṣẹ́ lọ́wọ́. Oúnjẹ àárọ̀ tó fún wa.

Ìṣòro gan-an wà nínú ọ̀rọ̀-ìṣe. Bí olùwádìí bá bi akẹ́kọ̀ọ́ pé, 'Kí ni o jẹ láàárọ̀ yìí?', ẹni tí ó mu ògì tàbí tí ó mu gààrì lè dáhùn pé òun kò jẹ nǹkan kan, irọ́ kọ́ ni ó sì pa: mímu ni Yorùbá ń mu wọn. Bákan náà ni ẹni tí ó ra àkàrà méjì lójú ọ̀nà ilé-ìwé lè wí pé, 'N kò tíì jẹun, mo kàn panu ni.' Ìpanu kì í ṣe oúnjẹ létí ọ̀pọ̀ nínú wa. Bẹ́ẹ̀, àkàrà ní èròjà amáradàgbà àti ọ̀rá, ògì àti gààrì sì jẹ́ amáralókun. A ó ka àwọn ọmọ wọ̀nyí mọ́ àwọn tí inú wọn ṣófo, àṣìṣe náà yóò sì wà nínú ìbéèrè, kì í ṣe nínú ìdáhùn. Nítorí náà, ohun tí ó yẹ kí a béèrè ni: 'Láti ìgbà tí o ti jí títí di ìgbà tí ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀, kí ni o jẹ, kí ni o mu, kí ni o sì fi panu?'

3. Ìkájú-iṣẹ́ Ara

Ìlera ni ọ̀pọ̀ ń lò fún ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní physical fitness. Ṣùgbọ́n ọmọ lè wà láìní àrùn kankan, kí ó má sì lè sáré yí pápá ká lẹ́ẹ̀kan. Agbára àti okun sún mọ́ ọn, àmọ́ ẹ̀ka rẹ̀ ni wọ́n jẹ́. Odindi rẹ̀ kó ìfaradà ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró, agbára iṣan ẹran-ara, ìyára, àti títẹ̀ oríkèé pọ̀. A dábàá ìkájú-iṣẹ́ ara, láti inú kájú, bí a ti ń wí pé nǹkan kájú ìwọ̀n. Ara tí ó kájú iṣẹ́ ni ara tí iṣẹ́ kò borí.

Orúkọ yìí tún bá òṣùwọ̀n mu. Nínú eré àlọ-àbọ̀ 20 mítà tí Léger àti Lambert gbé jáde ní ọdún 1982, àwọn ọmọ ń sáré láàrin ìlà méjì bí ìró kan ti ń dún, ìró náà sì ń yára sí i. Ibi tí ọmọ kò bá ti lè bá ìró náà dọ́gba mọ́ ni ìkájú rẹ̀ dé.

4. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara

Ẹ̀dọ̀ a máa kó gúlúkóòsì pamọ́ ní ìrísí gíláíkójìn. Ní òru, ó ń tú u sínú ẹ̀jẹ̀ kí ọpọlọ lè rí lò, nítorí náà ìpamọ́ ẹ̀dọ̀ ti dín kù púpọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Iṣan ẹran-ara ní ìpamọ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n kì í dá a padà fún ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyí tí oorun kì í fi tán an. Ọmọ tí kò jẹun àárọ̀ lè sá eré kúkúrú dáadáa; eré tí ó bá gùn ni ó ṣeé ṣe kí àìjẹun ti hàn. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé iṣan nìkan kò tó láti fi ṣàlàyé èyí, nítorí pé iṣan ẹ̀jẹ̀ náà wà. Odindi orúkọ náà, iṣan ẹran-ara, ni kí a máa kọ.

5. Ìbárìn kì í ṣe Okùnfà

Ìwádìí HELENA, tí a ṣe ní ìlú mẹ́wàá ní Yúróòpù ní 2006 sí 2007 láàrin àwọn ọmọ ọdún 12.5 sí 17.5, rí i pé ìfaradà ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró pọ̀ jù lára àwọn tí ń jẹun àárọ̀ déédéé. Bí a bá túmọ̀ èyí sí pé 'oúnjẹ àárọ̀ ń fa ìkájú-iṣẹ́', a ti sọ ju ohun tí ìwádìí náà sọ lọ. Ó lè jẹ́ pé ilé tí ó rójú se oúnjẹ láàárọ̀ náà ni ó rójú jẹ́ kí ọmọ ṣeré. A dábàá ìbárìn fún nǹkan méjì tí ń rìn pọ̀, kí okùnfà wà fún èyí tí ó bí èkejì nìkan.

6. Àgbálọgbábọ̀

Àwọn ọ̀rọ̀ tí a dábàá nìyí:

Oúnjẹ àárọ̀: ohunkóhun tí a jẹ, tí a mu tàbí tí a fi panu láti ìgbà tí a jí títí di ìgbà tí iṣẹ́ òòjọ́ bẹ̀rẹ̀.
Ìkájú-iṣẹ́ ara: ipò ara tí ó lè ṣe iṣẹ́ agbára láìtètè rẹ̀.
Iṣan ẹran-ara: iṣan tí ń sún ẹ̀yà ara.
Ìbárìn: rírìn pọ̀ ohun méjì, láìsọ èyí tí ó fa èkejì.
Ọ̀dọ́langba: ẹni tí ó wà láàrin ọdún 13 sí 19, ọ̀dọ́ lásán gbòòrò jù.

Kí àwọn olùkọ́ dán wọn wò ní kíláàsì. Ẹnu akẹ́kọ̀ọ́ ni a ó ti mọ èyí tí yóò dúró.