Yíyan Ibi Ẹ̀kọ́ Orin àti Eré fún Ọmọ Nígbà Ọlidé

Ìparí oṣù Keje ni ọlidé gígùn máa ń bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó, tí òbí á máa wá ibi tí ọmọ yóò ti kọ́ orin, ijó tàbí eré orí ìtàgé. Ohun èlò ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò: bí ọmọ 20 bá ń pín dùùrù kan lò fún wákàtí kan, ìṣẹ́jú 3 péré ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìlù àti ijó ìbílẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ní wàhálà yẹn. Ilé ẹ̀kọ́ orin MUSON, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1989, wà ní Oníkan. Bí àpẹẹrẹ, ẹni tó ń lọ síbẹ̀ láti Òkókómáíkò lè wọ bọ́ọ̀sì dé Mile 2, kó wọ ọkọ̀ ojú irin Blue Line lọ sí Marina, kó tó dé Oníkan. Ọ̀nà náà jìn fún ọmọ kékeré. Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọmọ títí ẹ ó fi dé.