Èwo Nínú Àwọn Ẹgbọrọ Akọ Ló Tó Gun Abo? Ohun Tí A Rí Ní Gàá Kan Lẹ́bàá Ìlérò

Ẹni tó bá gba títì Òkèhò wá sí Ìlérò ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn yóò rí bí ọ̀dàn ṣe gbẹ tó. Iná ti jó eruwà, igi ẹ̀mí àti irúgbá ló kù tó ní ewé lórí, eruku pupa sì bo gbogbo ẹ̀bá ọ̀nà. Inú ọ̀dàn bẹ́ẹ̀ ni gàá tí a lọ wà, kò jìnnà sí ìlú. Àwọn obìnrin ń se wàrà lọ́wọ́ nígbà tí a wọlé. Lórí àpáta kan tó tẹ́ pẹrẹsẹ ni wọ́n sá èèpo ẹ̀gẹ́ sí, èyí tí wọ́n rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe gàrí. Òun ni wọ́n fi ń kún oúnjẹ màlúù ní àsìkò tí koríko kò tó mọ́.

Àgbẹ̀ ọmọ Ìlérò kan ló ni àwọn màlúù náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ń dà wọ́n. Ó kó wọn fún Fúlàní sìn, bí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ Òkè-Ògùn ti ń ṣe láti ayé bàbá wọn: ẹni tó ń dà wọ́n ló ni wàrà, ó sì ní ohun tó ń tọ́ sí i nínú ọmọ tí wọ́n bá bí, gẹ́gẹ́ bí àdéhùn. Akọ ńlá tó ti ń gun àwọn abo láti ọdún mélòó kan ti darúgbó, wọ́n fẹ́ tà á. Ẹgbọrọ akọ mẹ́ta ló wà tó lè rọ́pò rẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ránṣẹ́ pe dókítà ẹran láti Ìṣẹ́yìn.

Bàbá onímàlúù ti yan tirẹ̀ kí dókítà tó sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Ó nawọ́ sí ọ̀kan tó ga, tó fẹ̀ láyà, tí iké ẹ̀yìn rẹ̀ yọ gọngọ.

"Dókítà, èyí ni mo fẹ́. Ẹ wo ara rẹ̀ ná."

Darandaran náà, ẹni tí gbogbo wọn ń pè ní Alájì, mi orí. "Bàbá, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ti pẹ́ tó ti ń gun abo. N kò tíì rí èyí tó lóyún fún un."

Ọ̀rọ̀ Alájì yìí ni kókó ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò kà sí. Bí a bá ti rí i tí akọ ń gun ẹgbẹ́ rẹ̀, a ó ní ó ti dàgbà. Ṣùgbọ́n ọmọ akọ tí ẹnu rẹ̀ kò tíì kúrò lọ́mú dáadáa pàápàá máa ń gun ẹgbẹ́ rẹ̀. Eré ni. Àwọn onímọ̀ ní akọ màlúù bàlágà ní ọjọ́ tí àtọ̀ tó dà lẹ́ẹ̀kan bá ní sẹ́ẹ̀lì tó tó mílíọ̀nù 50, tí ó kéré tán ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún wọn sì ń lọ síwájú. Lára àwọn ẹ̀yà màlúù òyìnbó, ìgbà tí ẹpọ̀n bá tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 28 yíká ni èyí sábà máa ń ṣẹlẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì tíì pé ọdún kan. Síbẹ̀, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bàlágà kò tíì ṣe é fi sáàárín abo. Ó ṣì tó oṣù mélòó kan sí i kí àtọ̀ rẹ̀ tó gbó.

Ibẹ̀ gan-an ni ìwé tí wọ́n kọ fún màlúù Amẹ́ríkà ti ń ṣi àgbẹ̀ wa lọ́nà. Lọ́hùn-ún, oṣù 12 sí 15 ni wọ́n ń yẹ ẹgbọrọ akọ wò. Èyí tí kò bá yege, wọ́n á tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn oṣù méjì. Màlúù oníké wa, ìyẹn White Fulani tí àwọn Hausa ń pè ní Bunaji, àti Sokoto Gudali, kì í tètè bàlágà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ wọn nìyẹn. Ẹ wá fi ìrìn ọ̀nà jíjìn kún un, ẹ fi ẹ̀ẹ̀rùn tó ń gba oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún kún un, àti ibà tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri. Dókítà ní òun kì í mú téèpù wá sídìí akọ gàá tí kò tíì tó ọdún kan àtààbọ̀, ọdún méjì ni òun sì fẹ́ràn jù. Mo fara mọ́ ọn. Ẹni tó bá fi ọjọ́ orí inú ìwé dá ẹgbọrọ akọ Òkè-Ògùn lẹ́jọ́ yóò pa ẹran rere nígbà tí kò tíì tó àkókò rẹ̀ láti fi ara rẹ̀ hàn.

Àhámọ́ tí wọ́n fi igi ṣe ni wọ́n kọ́kọ́ ti èyí tó ga tí bàbá yàn wọ̀, wọ́n fi ìtì igi dábùú ẹ̀yìn rẹ̀ kó má lè padà. Alájì di imú rẹ̀ mú, dókítà ya ẹnu rẹ̀. Eyín iwájú méjì àkọ́kọ́ tó jẹ́ ti àgbà ti yọ, èyí tó bá ohun tí Alájì sọ mu, pé ó ti ju ọdún méjì lọ tí wọ́n bí i, nígbà tí wọ́n ń ṣẹ́ àgbàdo lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló wo ojú, ó wo pátákò, ó ní kí wọ́n jẹ́ kó rìn díẹ̀. Akọ tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń dùn kò ní lè gun abo, bó ti wù kí àtọ̀ rẹ̀ dára tó.

Ẹpọ̀n ló kàn. Dókítà dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó fi ọwọ́ fa kórópọ̀n méjèèjì sísàlẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sì fọwọ́ tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dákẹ́. Ó tún tẹ̀ wọ́n. Ó wá pe bàbá onímàlúù pé kó wá fọwọ́ ara rẹ̀ kàn án. Kórópọ̀n ọ̀tún le dáadáa, ó sì rọ́ díẹ̀ lábẹ́ ìka bó ṣe yẹ. Ti òsì kéré, ó rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀. Bàbá yọ ọwọ́, kò sọ nǹkan kan.

Àpò ẹpọ̀n tó dára máa ń ní ọrùn, kórópọ̀n á fì sísàlẹ̀, nítorí ó gbọ́dọ̀ tutù ju inú ara lọ ní ìwọ̀n Celsius méjì sí mẹ́fà kí àtọ̀ tó lè dára. Èyí tó bá fún mọ́ abẹ́ ikùn yóò máa gbóná, pàápàá nínú oòrùn tiwa yìí. Dókítà wá mú téèpù, ó fi yí ibi tó fẹ̀ jù. Àwọn oníṣègùn ẹran ní Amẹ́ríkà ń béèrè sẹ̀ǹtímítà 30 lọ́wọ́ akọ tí kò tíì ju oṣù 15 lọ, 34 lọ́wọ́ èyí tó ti kọjá ọdún méjì. Oníké kì í tó bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ orí kan náà, dókítà sì mọ̀ pé kò yẹ kí òun fi òṣùwọ̀n òyìnbó ta ẹran wa nù. Ṣùgbọ́n téèpù kì í ṣe ohun tí a lè fojú di. Ẹpọ̀n tó tóbi ń pèsè sẹ́ẹ̀lì púpọ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ tó bá jẹ́ abo náà sì máa ń tètè bàlágà. Ní gàá tí abo lè tó ọmọ ọdún mẹ́rin kó tó bí àkọ́bí, ogún ńlá nìyẹn.

Ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó gùn dé èjìká, ó fi òróró pa á, ó ti ọwọ́ bọ ihò ìdí ẹran náà, ó sì ń ra àwọn ẹ̀yà inú tó ń pèsè omi àtọ̀. Ọmọ Alájì bẹ̀rẹ̀ sísàlẹ̀ pẹ̀lú ife kékeré kan tí wọ́n ti fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ṣàn, nítorí òtútù òjijì ń pa àtọ̀. Ohun tó kán sínú ife náà dà bí omi ìṣanwọ́ lásán. Lábẹ́ máíkírósíkópù tó wà lórí àpótí, mo fojú ara mi wò ó: díẹ̀ ló ń mira, ìrù púpọ̀ nínú wọn ti ká kò.

"Alájì, ǹjẹ́ ẹran yìí ṣàìsàn rí?"

"Ó ṣàìsàn nígbà òjò. Ó rù, mo ra abẹ́rẹ́ fún un."

Ibà eṣinṣin tsetse lè ba kórópọ̀n jẹ́, kí ara ẹran sì padà bọ̀ sípò kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Ìdí rèé tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún màlúù N'Dama tí wọ́n kó wá láti ilẹ̀ Guinea, tí ìjọba ti sìn rí ní oko Fáṣọlá lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ìṣẹ́yìn: kékeré ni, kò ní iké, ṣùgbọ́n ibà yìí kì í tètè mú un balẹ̀.

Èyí àbúrò nínú àwọn mẹ́ta kò gba àkókò. Ẹpọ̀n rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 24 lọ, eyín ọmọdé rẹ̀ ṣì pé. Dókítà ní kí wọ́n padà wá bá a lẹ́yìn òjò.

Ẹ̀kẹta jẹ́ funfun, kò ga, kò sì sí ẹni tó ń wò ó tẹ́lẹ̀. Téèpù yí ẹpọ̀n rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 31. Kórópọ̀n méjèèjì dọ́gba. Àtọ̀ rẹ̀ funfun, ó ki. Nígbà tí mo tẹ ojú mọ́ máíkírósíkópù, wọ́n ń rọ́ lu ara wọn bí ìjàlọ tí ènìyàn tẹ̀ mọ́lẹ̀. Kí akọ tó yege, ó kéré tán ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún gbọ́dọ̀ máa lọ síwájú, kí ìdá 70 sì ní orí àti ìrù tó pé. Tirẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa. Dókítà gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú láti fi wá brucellosis, àrùn tó ń ba oyún màlúù jẹ́, tó sì ń ran ènìyàn nínú wàrà tí a kò sè.

Nígbà náà ni bàbá onímàlúù tó sọ pé ẹnì kan ti ń ná funfun yìí lọ́wọ́ òun de Iléyá.

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí, nítorí bí a ti ń ṣe káàkiri nìyẹn. Ẹgbọrọ akọ tó bá ti jọjú, a ó tà á fún alápatà tàbí kí a fi í pamọ́ de ọdún. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò rà ló ń kù sáàárín abo, òun ló sì ń bímọ. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìran mélòó kan, kí ni a retí kí ẹran wa dà? Láti ìgbà tí òfin ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ọdún 2019 ti fi ààlà sí dída ẹran kiri, ẹni tó bá fẹ́ sin màlúù nínú ọgbà yóò ní ìwọ̀nba koríko, ìwọ̀nba omi. Kò ní àyè láti máa bọ́ abo tí kò lóyún nítorí akọ tí kò wúlò.

Dókítà ṣàlàyé bí wọn yóò ṣe lo funfun. Ní ọdún àkọ́kọ́, kí wọ́n má ṣe fún un ní abo tó ju 10 sí 15 lọ. Bó bá dàgbà, ó lè tó 25 tàbí 30. Kí àwọn ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ abo tó tó gùn, kí wọ́n fi í pààrọ̀ pẹ̀lú akọ gàá mìíràn, kó má baà gun ọmọ ara rẹ̀. Èyí tó ga tí bàbá yàn yóò lọ sí ọjà ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bàbá gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì ń wò ó.

Ẹ̀yin tí ẹ ní màlúù ní Ìlérò, Òkèhò, Ìṣẹ́yìn àti Ṣakí, ẹ pe dókítà ẹran yín kí òjò tó rọ̀. Ó tó nǹkan bí ọjọ́ 60 kí àtọ̀ tuntun tó di ṣíṣe nínú kórópọ̀n, kò sì sí oògùn tó lè mú un yára. Akọ tí ẹ kò bá yẹ̀ wò ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, ìgbà tí abo bá ń wá akọ ní àárín òjò ni ẹ ó tó mọ ohun tó wà lára rẹ̀. Ẹ má sì ta èyí tó yege fún alápatà.